Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ẹjọ́ Neal Adams

Àròkọ tòní, àríyànjiyàn ni, n kò sì ní fi bò fún yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí àwọn olólùfẹ́ ìwé ìtàn aláwòrán, èyí tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ sí kọ́míìkì, ń kọ nípa Neal Adams, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà tó ya Batman, tó ya Green Lantern, tó sì ya Superman níbi tó ti ń bá Muhammad Ali kan ẹ̀ṣẹ́. Wọn a máa yìn ín bọ̀ láti 1967 títí wọ 1973. Bí wọ́n bá wá dé ibi tó ti yíjú sí àwòrán ìpolówó ọjà, ohùn wọn a yí padà. Wọn a ní owó ló fà á lọ. Wọn a ní ó fi ẹ̀bùn ṣòfò. Wọn a ní ọwọ́ tó yẹ kó máa ya akọni ni ó lọ fi ń yàwòrán fún àwọn ọlọ́jà.

Èmi kò gbà. Ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín ni pé iṣẹ́ ìpolówó tí wọ́n ń bẹnu àtẹ́ lù yìí gan-an ló la ẹnu Neal Adams nígbà tí ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní dídì. Òun ló kọ́ ọ ní iṣẹ́, òun ló bọ́ ọ, òun náà ló jẹ́ kó lè wo ojú àwọn ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ńlá kó sì sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ń ṣe kò dára. Ẹni tó bá yọ ìpolówó kúrò nínú ìtàn ọkùnrin yìí, tó sì ní òun fẹ́ràn rẹ̀, kò tíì mọ ẹni tí òun fẹ́ràn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Wọ́n bí Neal Adams ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 1941 ní erékùṣù Governors Island ní ìlú New York. Sójà ni bàbá rẹ̀, nítorí náà bárékè ni ó ti lo púpọ̀ nínú ìgbà èwe rẹ̀, títí kan ilẹ̀ Jámánì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ilé ẹ̀kọ́ girama tó lọ ní Manhattan ni wọ́n ń pè ní School of Industrial Art, ó sì jáde níbẹ̀ ní 1959. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa. Wọn kò dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ fún ọmọ olówó tó fẹ́ máa ya àwòrán tí a ó gbé kọ́ sára ògiri. Wọ́n dá a sílẹ̀ fún ọmọ tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ jẹun.

Nígbà tí ó jáde, ó gba ilé-iṣẹ́ DC lọ láti wá iṣẹ́. Wọn kò gbà á. Àkókò náà kò dára fún kọ́míìkì: ní 1954, ìgbìmọ̀ kan ní Ilé Aṣòfin Àgbà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti jókòó lórí ẹ̀sùn pé àwọn ìwé wọ̀nyí ń ba ọmọdé jẹ́, àwọn atẹ̀wé sì ti gbé òfin kan tí wọ́n pè ní Comics Code lé ara wọn lórí kí ìjọba má bàa gbé tirẹ̀ lé wọn. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti kógbá sílé. Ilé-iṣẹ́ Archie ló fún ọmọkùnrin náà ní ojú ìwé apanilẹ́rìn-ín díẹ̀ kó máa yà. Lẹ́yìn èyí ni ó dé Johnstone and Cushing, ilé-iṣẹ́ kan ní New York tó jẹ́ pé àwòrán onírúurú kọ́míìkì ni wọ́n fi ń polówó ọjà fún àwọn oníbàárà wọn.

Ibẹ̀ ni ó ti di oníṣẹ́. Kí ni ìpolówó kọ́ ọ? Ó kọ́ ọ pé kí ènìyàn jọ ènìyàn. Ọlọ́jà tó fẹ́ kí o ya obìnrin tó ń gbé ife mu kò ní gba ìka ọwọ́ tó dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó fẹ́ kí ìka ó jọ ìka, kí ife ó jọ ife, kí ojú obìnrin náà sì fi hàn pé ó ń gbádùn ohun tó ń mu. Ó kọ́ ọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn, bí aṣọ ṣe ń ká ní ìgbọ̀nwọ́. Ó kọ́ ọ pé ọjọ́ tí a dá ni ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ gbé iṣẹ́ wá. Ó sì kọ́ ọ ní ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ àwọn oníkọ́míìkì ní ayé ìgbà náà: iye tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó. Ọ̀dọ̀ àwọn onípolówó ni ó ti rí i pé ojú ìwé kan ṣoṣo lè mú owó gidi wá, àti pé ẹni tó yà á lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá 1962, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 21 péré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya Ben Casey, ìtàn dókítà kan tó ti lókìkí lórí tẹlifíṣọ̀n, fún àwọn ìwé ìròyìn. Ojoojúmọ́ ni ìtàn náà ń jáde, títí kan ọjọ́ Àìkú, títí di 1966. Kò sí ẹni tó ń fò nínú Ben Casey. Kò sí ẹni tó wọ agbádá akọni. Ènìyàn lásán ni gbogbo wọn, nínú yàrá ilé ìwòsàn, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ayàwòrán tó bá lè fi ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ya ènìyàn tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá láìjẹ́ kó sú òǹkàwé, kò sí ohun tí kò lè yà mọ́.

Nígbà tí DC wá ṣílẹ̀kùn fún un ní 1967, ẹ̀kọ́ yìí ni ó gbé wọlé. Ó gba Deadman, ìtàn òkú tó ń wá ẹni tó pa á, èyí tí Arnold Drake àti Carmine Infantino dá sílẹ̀. Ní 1969, ó ya X-Men fún Marvel láìdáwọ́ iṣẹ́ DC dúró, kò sì fi orúkọ mìíràn bo ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti máa ń ṣe nígbà náà bí wọ́n bá ń bá ilé-iṣẹ́ méjì tó ń figagbága ṣiṣẹ́. Ní ti Batman, tẹlifíṣọ̀n ti sọ ọ́ di aláwàdà láti 1966 sí 1968. Adams gbé e padà sínú òru. Nínú àwọn ìtàn kan tí Bob Haney kọ, tí ó ní ọ̀sán ni nǹkan ṣẹlẹ̀, Adams a yà á bí òru, nítorí pé ọkùnrin tó múra bí àdán kò ní ohun tó ń wá kiri nínú oòrùn. Láti 1970, òun àti òǹkọ̀wé Dennis O'Neil sọ Batman di ẹni tí a ń bẹ̀rù, wọ́n sì dá ọ̀tá rẹ̀ Ra's al Ghul sílẹ̀ ní 1971. Batman tí àwọn ọmọ òde òní mọ̀ nínú sinimá, ọwọ́ àwọn méjì yìí ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọ̀ tó ní.

Ní 1970 bákan náà, àwọn méjèèjì gba Green Lantern, wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ Green Arrow. Wọ́n mú akọni tó ti ń gba ìràwọ̀ là, wọ́n ní kó wá wo àdúgbò àwọn aláìní nísàlẹ̀ ilé rẹ̀. Ní 1971, wọ́n fi ọmọkùnrin kan tí akọni tọ́ dàgbà hàn níbi tó ti ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ heroin; John Lindsay tó jẹ́ olórí ìlú New York nígbà náà kọ lẹ́tà láti yìn wọ́n. Nínú ìwé 87, tó jáde ní òpin ọdún náà, John Stewart yọ, akọni aláwọ̀ dúdú nínú agbo Green Lantern. Adams ló tẹnu mọ́ ọn pé kí akọni tuntun náà jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí wọ́n sì dá orúkọ kan lábàá fún un, ó kọ̀ ọ́ nítorí pé ó ń rùn bí orúkọ tí olówó ẹrú sọ ẹrú rẹ̀.

Títí dé ibí yìí, èmi àti àwọn tí mo ń bá jiyàn jọ ń rìn. Ibi tí a ti yapa ni ohun tó wà lẹ́yìn àwòrán náà, ìyẹn ipò tí àwọn tó ń yà á wà.

Ẹ gbọ́ bí nǹkan ṣe rí. Owó ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ni ilé-iṣẹ́ ń san fún ayàwòrán àti òǹkọ̀wé. Kò sí owó oṣù, kò sí owó ìfẹ̀yìntì, kò sí ẹni tó ń bá wọn san owó dókítà. Bí ìwé bá tà lọ́nà mílíọ̀nù, wọn kò rí kọ́bọ̀ lé e. Wọ́n tẹ gbólóhùn kan sí ẹ̀yìn sọ̀wédowó tí wọ́n fi ń sanwó: bí ayàwòrán bá ti fọwọ́ sí i kó lè gba owó ní báǹkì, ó ti jọ̀wọ́ gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí iṣẹ́ náà. Ẹ rò ó wò ná. Ẹni tí owó ilé ń lé, tí ọmọ rẹ̀ ń retí oúnjẹ, àfi kó fọwọ́ sí ohun tó gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ kó tó lè jẹ èrè iṣẹ́ náà. Ojúlówó àwòrán tó fi lẹ́ẹ̀dì àti tàdáwà yà kò padà sọ́wọ́ rẹ̀. Adams máa ń sọ bí òun ṣe bá wọn ní DC níbi tí wọ́n ti ń gé ojúlówó àwòrán sí wẹ́wẹ́ bí ìdọ̀tí, tí òun sì ní kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Ǹjẹ́ àwọn tó wà níbẹ̀ kò mọ̀ pé ìyà ń jẹ wọ́n ni? Wọ́n mọ̀. Ní nǹkan bí 1967 sí 1968, àwọn òǹkọ̀wé àgbà kan ní DC kóra jọ láti béèrè fún ìtọ́jú ìlera àti irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Arnold Drake, ẹni tó bá wọn dá Deadman sílẹ̀, wà lára wọn. Gardner Fox náà wà níbẹ̀. Kí ló gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀? Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wá àwọn ọ̀dọ́ láti rọ́pò wọn. Ti Bill Finger tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun àti Bob Kane ló jọ dá Batman sílẹ̀ ní 1939, ṣùgbọ́n orúkọ Kane nìkan ló wà nínú àdéhùn. Finger kú ní 1974 láìní lọ́wọ́. Ọdún 2015 ni orúkọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn lọ́nà tó bófin mu lára Batman, ọdún mọ́kànlélógójì lẹ́yìn tí ó ti wọ ilẹ̀.

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ojo. Ilẹ̀kùn oúnjẹ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ẹni tí wọ́n sì fẹ́ bá wí ló mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ wá wo ti Superman. Ní 1938, Jerry Siegel tó kọ ọ́ àti Joe Shuster tó yà á, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì láti ìlú Cleveland, ta akọni náà fún atẹ̀wé ní dọ́là 130. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ní 1947, wọ́n parí rẹ̀ ní 1948 pẹ̀lú owó díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n yọ orúkọ wọn kúrò lára Superman. Siegel padà sí DC ní 1959, ó ń kọ ìtàn ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí gẹ́gẹ́ bí alágbàṣe. Nígbà tí ó tún gbìyànjú láti gba ẹ̀tọ́ náà padà láàárín àwọn ọdún 1960, iṣẹ́ tún bọ́. Nígbà tí ó fi di 1975, akọ̀wé tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni Siegel ní Los Angeles. Ojú Shuster ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ni ó ń gbé ní Queens ní New York. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni àwọn méjèèjì. Ní àkókò kan náà, iṣẹ́ ti ń lọ lórí sinimá Superman tí yóò ná ọ̀kẹ́ àìmọye owó. Siegel kọ ìwé gígùn kan, ó gégùn-ún fún sinimá náà, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn.

Ìwé yẹn dé ọwọ́ Neal Adams. Àwọn àgbà wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, orí àgbà ló wọ́, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ó sì nawọ́ láti tún un ṣe. Fún oṣù mélòó kan, ó pe àwọn oníròyìn, ó mú àwọn arúgbó méjì náà lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì bá Jerry Robinson, àgbà ayàwòrán tó ti ya Batman ní ìgbà èwe rẹ̀, fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Robinson mú ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ìwé ìròyìn wọ ọ̀rọ̀ náà. Òfin kò sí lẹ́yìn wọn, nítorí kóòtù ti dájọ́ tipẹ́. Ìtìjú nìkan ni ohun ìjà wọn. Ní oṣù Kejìlá 1975, ilé-iṣẹ́ Warner tó ni DC gbà: dọ́là 20,000 lọ́dọọdún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìtọ́jú ìlera, kí orúkọ àwọn méjèèjì sì padà sára Superman. Nígbà tí sinimá náà jáde ní 1978, orúkọ wọn wà níbẹ̀. Shuster kú ní 1992, Siegel kú ní 1996, wọ́n sì kú pẹ̀lú orúkọ wọn.

Báwo ni Adams ṣe rí àyè ṣe èyí? Kí ló dé tí DC kò fi ebi pa á bí wọ́n ṣe fi ebi pa Drake àti Fox? Ìdáhùn náà wà ní ilé-iṣẹ́ Continuity tí òun àti Dick Giordano dá sílẹ̀ ní New York ní 1971. Iṣẹ́ ìpolówó ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: àwọn àwòrán ìtẹ̀léra tí àwọn onípolówó fi ń han oníbàárà bí fíìmù ìpolówó yóò ṣe rí kí wọ́n tó náwó lé e, àwòrán inú ìwé ìròyìn, àti irú wọn bẹ́ẹ̀. Owó tó ń wọlé níbẹ̀ ni ó fi ń san owó ilé. Bí DC bá ní òun kò fún un ní iṣẹ́ mọ́ lọ́la, a máa jẹun lọ́túnla. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọkùnrin yìí mọ ọ̀nà kejì, ìdí nìyí tí ẹni tó dí ọ̀nà àkọ́kọ́ kò fi lè dá a lẹ́kun.

Àwọn kan yóò ní, "Ẹ̀bùn rẹ̀ ló gbà á là. Ó mọ̀ ọ́n yà tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè ṣe kí wọ́n má bá a ṣiṣẹ́." Bí ẹ̀bùn bá tó láti gba ayàwòrán là, kí ni ká wá wí nípa Jack Kirby? Òun àti Joe Simon ló dá Captain America sílẹ̀; òun àti Stan Lee ló jọ dá Fantastic Four, Hulk àti X-Men sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ní ẹ̀bùn jù ú lọ nínú iṣẹ́ náà, n kò sì rò pé Adams fúnra rẹ̀ yóò jiyàn. Síbẹ̀, ní àwọn ọdún 1980, Marvel di ojúlówó àwòrán rẹ̀ mú, wọ́n gbé ìwé gígùn kan síwájú rẹ̀ pé kó fọwọ́ sí i kí wọ́n tó fún un ní díẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìwé kúkúrú ni wọ́n gbé fún àwọn tó kù. Ní 1987 ni ó tó rí nǹkan bí ojú ìwé 2,000 gbà nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó yà. Ẹ̀bùn Kirby sọ ilé-iṣẹ́ di olówó, kò sì sọ Kirby di òmìnira. Ẹ̀bùn nìkan kò tó.

Àwọn mìíràn yóò ní, "Ì bá ti ya ìwé púpọ̀ sí i fún wa." Òótọ́ ni. Ìwé tó yà kéré sí ti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn olóòtú sì máa ń ráhùn pé iṣẹ́ rẹ̀ ń pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún ka ẹ̀sùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ gbọ́ ohun tí ó ń sọ gan-an: òǹkàwé ń bínú sí òṣìṣẹ́ pé ó kọ owó tí kò tó ju owó tó tó lọ. Ta ló yẹ ká bínú sí, ayàwòrán tó lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó fún un, tàbí atẹ̀wé tí kò san? Ẹni tó fẹ́ kí Adams máa ya Batman títí láé ní owó ojú ìwé, láìní ẹ̀tọ́, kò fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà. Ó fẹ́ràn ọ̀fẹ́.

Continuity kì í ṣe ilé owó nìkan pẹ̀lú. Ilé ẹ̀kọ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní New York ń wọlé síbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán lábẹ́ apá. Adams a wò ó, a sì sọ òótọ́ fún wọn láìfi oyin sí i. Frank Miller, tó wá fi Batman ṣe orúkọ ní 1986, wà lára wọn. Léraléra ni Adams bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ rẹ̀, òun náà ló sì ràn án lọ́wọ́ láti ríṣẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá nílò iṣẹ́ kíákíá, gbogbo ilé a kóra jọ fi tàdáwà parí rẹ̀ lóru, wọn a sì fi orúkọ àpapọ̀ fọwọ́ sí i: Crusty Bunkers. Owó ìpolówó ló ń san owó iná tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ èdè, ẹ̀kọ́ kan wà fún yín nínú òfin Amẹ́ríkà. Nínú òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1978, gbólóhùn kan wà tí a lè túmọ̀ sí "iṣẹ́ tí a háyà ènìyàn ṣe." Bí iṣẹ́ bá wọ abẹ́ gbólóhùn yìí, òfin kò wulẹ̀ sọ pé ẹni tó háyà ayàwòrán ti ra iṣẹ́ náà. Ó sọ pé ẹni náà gan-an ni òǹṣe rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí kò ní ọwọ́, tí kò ní ojú, tí kò mọ bí a ti ń di lẹ́ẹ̀dì mú, ni òfin pè ní ẹni tó ṣe é. Ẹni tó yà á wá di ẹni tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìwé àdéhùn tó gbé gbólóhùn yìí dání, Adams kìlọ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má fọwọ́ sí i, ó sì pè wọ́n jọ ní 1978 láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n wá, wọ́n jíròrò, ẹgbẹ́ náà kò sì dúró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ fọwọ́ síwèé.

Àwọn tí mo ń bá jiyàn a máa fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ṣé ẹ rí i? Ó kùnà." Ẹ wo ìdí tí ó fi kùnà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ebi ti gùn kò lè dì. Púpọ̀ nínú àwọn tó jókòó níbẹ̀ kò ní Continuity tiwọn. Ìkùnà yẹn ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn ni, kò tako ó. Ohun tí Adams ń sọ kò sì kú. Ní 1981, DC kéde pé àwọn yóò máa fún ayàwòrán àti òǹkọ̀wé ní ìdá kan nínú owó ìwé tó bá tà ju ẹ̀dà 100,000 lọ, Marvel sì tẹ̀ lé wọn. Ní 1992, àwọn ayàwòrán méje tó lókìkí fi Marvel sílẹ̀, wọ́n dá Image sílẹ̀, níbi tí iṣẹ́ ti jẹ́ ti ẹni tó ṣe é. N kò sọ pé Adams nìkan ló fa gbogbo èyí. Mo ń sọ pé ó sọ ọ́ síta nígbà tí owó ńlá ni ẹlòmíì yóò fi san án bí ó bá sọ ọ́.

Kò sì dá a dúró nígbà tó dàgbà. Ní 2008, ó ya ìtàn aláwòrán ojú ìwé mẹ́fà kan nípa Dina Babbitt, obìnrin Júù tí dókítà Mengele fipá mú láti ya àwòrán àwọn ẹlẹ́wọ̀n Roma ní Auschwitz. Ó yà wọ́n, ó sì fi bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀ là. Méje nínú àwọn àwòrán náà wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Auschwitz, wọn kò sì dá wọn padà fún un títí ó fi kú ní 2009. Àwọn tó ni ilé náà ní ẹ̀rí ìtàn fún gbogbo ayé ni àwòrán wọ̀nyẹn, n kò ní ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ wọn kò ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí Adams béèrè fún Babbitt kò yàtọ̀ sí èyí tó béèrè fún Shuster: ta ló yà á?

Ẹ jẹ́ kí n fi èdè wa kún un. Àwọn tó ń ya ọnà sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀dá ló pín wọn níyà. Yorùbá kò sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ni a ń pè é. Iṣẹ́ wà nínú orúkọ rẹ̀, òun ló sì ṣíwájú. Ẹni tó ń ṣe é, oníṣẹ́ ọnà ni, oníṣẹ́ kan kì í sì í tijú pé wọ́n san owó fún òun. Ìgbà wo ni ó wá di àbùkù pé ayàwòrán jẹun lára àwòrán?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka èyí, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń yàwòrán, àwọn kan ń kọ ìtàn, àwọn kan ń túmọ̀ èdè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ tí ẹ fi ń jẹun ń ba èyí tí ẹ fẹ́ràn jẹ́. Ẹ ka ìwé àdéhùn tán, títí kan ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ tọ́jú ojúlówó iṣẹ́ yín. Ẹ kọ orúkọ yín sí i, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó bá yín ṣe é pẹ̀lú. Bí agbára bá sì gbé e, ẹ wá ilẹ̀kùn kejì, kí ẹni tó bá ti àkọ́kọ́ má bàa rò pé òun ti pa yín lẹ́nu mọ́.

Neal Adams kú ní New York ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 2022, ó pé ọmọ ọgọ́rin ọdún. Sọ̀wédowó tí dọ́là 130 tí wọ́n fi ra Superman jẹ́ apá kan owó inú rẹ̀ wà títí di òní. Ní 2012, wọ́n gbé e ta ní gbàǹjo, ẹnì kan sì rà á ní dọ́là 160,000. Bébà tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Siegel àti Shuster ti wá níye lórí ju iye tí wọ́n fi ra Superman lọ ní ìlọ́po ju ẹgbẹ̀rún kan. Ẹni tó bá tún fẹ́ sọ fún mi pé owó kò kan ọ̀rọ̀ ọnà, kó kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀yìn sọ̀wédowó náà, ibi tí ìfọwọ́síwèé àwọn ọmọkùnrin méjì yẹn wà.

Ẹ máa gbọ́ra yín yé. Ó dàbọ̀.